Ọ̀nà Àbájáde Omi: Ìtàn Bí Òkun Ṣe Wọ Inú Ilé

Àwọn àgbà ní omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀pọ̀ odò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sin ẹ̀dá inú òkun sínú àpótí gíláàsì nínú yàrá rẹ̀ ní láti kọ́ omi ní ìwà mìíràn. Omi náà gbọ́dọ̀ jáde, kó sọ̀kalẹ̀, kó mọ́, kó sì padà síbi tó ti wá, tọ̀sán tòru. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, yóò kún bo ilé. Bí kò bá sì rí ọ̀nà padà, ohun tó ń gbé inú rẹ̀ yóò kú. Nǹkan bí 140 ọdún ni ó gbà kí ọ̀nà náà tó dé inú ilé àwọn ènìyàn lásán.

Ní ọdún 1846, Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà kan ní Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù, rìnrìn àjò lọ sí Torquay, ìlú etí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ni ó ti rí ẹ̀dá iyùn láàyè lára àpáta. Kò sí Yorùbá tí kò mọ ìlẹ̀kẹ̀ iyùn lọ́rùn ọba, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé egungun ẹ̀dá abẹ̀mí ni iyùn, pé ẹ̀dá náà ń jẹun, ó ń mí, ó sì ń bímọ. Thynne kó díẹ̀ nínú wọn sínú ìkòkò, ó sì gbé wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí kò ti sí omi òkun nítòsí tí yóò máa fi pààrọ̀ èyí tó bá ti bàjẹ́.

Ọgbọ́n tó dá ni pé kí ìránṣẹ́bìnrin ilé rẹ̀ máa da omi náà láti inú ìkòkò kan sí èkejì níwájú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, fún nǹkan bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Àwọn iyùn náà yè, wọ́n sì bímọ. Orúkọ Thynne ni ìtàn gbé dání, ṣùgbọ́n apá ìránṣẹ́ yẹn ni ẹ̀rọ afami àkọ́kọ́.

Ní ọdún 1850, Robert Warington, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fi hàn pé ewéko inú omi lè pèsè afẹ́fẹ́ tí ẹja nílò. Ní 1853, ọgbà ẹranko Regent's Park ṣí ilé ẹja rẹ̀ fún ará ìlú, àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ní 1854, Philip Henry Gosse tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ó wá di àrà láàárín àwọn olówó: kò sí pálọ̀ tí kò fẹ́ ní òkun tirẹ̀. Ṣùgbọ́n omi adúró ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Wọ́n gbé e sójú oòrùn, ó di aláwọ̀ ewé, ó ń rùn, ohun inú rẹ̀ sì kú. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àrà náà fi rọlẹ̀.

Ẹni tó rí ojútùú ni William Alford Lloyd, oníṣòwò tó ń ta ẹ̀dá òkun ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó mójú tó ilé ẹja ìlú Hamburg ní Jámánì, èyí tó ṣí ní 1864, ó sì tún ṣe ti Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1871. Èrò rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ohun tí olùwòran ń rí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ gbogbo omi tó wà. Ó fi àgbá ńlá kan sísàlẹ̀, nínú òkùnkùn, èyí tí omi inú rẹ̀ pọ̀ ju ti inú àpótí lọ fíìfíì. Ẹ̀rọ ń fa omi gòkè láti inú àgbá náà. Omi kún àpótí títí dé ojú ihò àkúnwọ́sílẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ ṣàn padà sísàlẹ̀. Gíga nìkan ni ẹ̀rọ ń bá omi gà. Ìwúwo omi ni ó ń mú un bọ̀ wálẹ̀. Nígbà tí Anton Dohrn ń kọ́ ilé ìwádìí òkun rẹ̀ ní Naples, Lloyd wà lára àwọn tó gbà á nímọ̀ràn. Ilé ẹja tó ṣí níbẹ̀ ní 1874 ṣì wà títí di òní.

Ó pẹ́ kí ètò yìí tó wọ ilé àwọn ènìyàn. Ní 1961, Lee Chin Eng ti ìlú Jakarta kọ̀wé nípa bí ó ṣe ń sin iyùn pẹ̀lú òkúta òkun abẹ̀mí àti afẹ́fẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n òkun kò jìnnà sí i. Ní 1986, àwọn àpilẹ̀kọ George Smit nínú ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà sọ ọ̀nà àwọn ará Netherlands di mímọ̀: àpótí kejì lábẹ́ tábìlì, níbi tí omi ti ń kán gba inú ohun tó ń wẹ̀ ẹ́ mọ́ kí ó tó padà sókè. Àgbá Lloyd ti fi àjà ilẹ̀ sílẹ̀, ó ti bọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Níbẹ̀ ni iṣẹ́ páìpù ti di ọ̀ràn onílé. Ojú omi lókè ni ọ̀rá àti ìdọ̀tí máa ń léfòó sí, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi àkúnwọ́sílẹ̀ sókè, tí wọ́n sì gé etí rẹ̀ bí eyín ìyàrun kí ẹja má bàa bá omi lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá bá omi wọ páìpù, yóò máa pariwo bí ọ̀fun ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Nítorí èyí, àwọn kan ń fi fáàfù dín ẹnu páìpù kù títí omi nìkan yóò fi kún inú rẹ̀, tí yóò máa fa ara rẹ̀ bí ìgbà tí a fi rọ́bà fa epo nínú táǹkì ọkọ̀. Irú páìpù bẹ́ẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ìgbín kékeré kan lè dí i. Ìdí nìyí tí páìpù kejì fi gbọ́dọ̀ wà, tó gbẹ, tó kàn ń dúró de ọjọ́ tí àkọ́kọ́ bá kọṣẹ́.

Ewu tó tóbi jù wà lọ́jọ́ tí iná mànàmáná bá lọ. Ẹ̀rọ dúró, ṣùgbọ́n omi kò dúró. Èyí tó ga ju etí àkúnwọ́sílẹ̀ lọ yóò sọ̀kalẹ̀ tán. Páìpù tó ń gbé omi gòkè náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí fà á padà. Nínú àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó fẹ̀ ní 60, omi tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 3 péré jẹ́ nǹkan bíi lítà 22. Bí àpótí ìsàlẹ̀ kò bá ní àyè òfìfo tó tó o, ilẹ̀ ni yóò gbà á. Ihò kékeré kan lára páìpù ìpadà, nítòsí ojú omi, ni ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé láti dá fífà náà dúró. Fáàfù tó ń gba omi kọjá lọ́nà kan ṣoṣo kò ṣeé gbára lé nìkan, nítorí iyanrìn lè há sí i lẹ́nu.

Ìránṣẹ́ Thynne ń ríran. Bí ìkòkò bá fẹ́ kún àkúnjù, yóò dáwọ́ dúró. Páìpù kò ní ojú, kò sì ní ọwọ́. Gbogbo ohun tí ìránṣẹ́ yẹn lè rí lójú ẹsẹ̀, ẹni tó ń to páìpù gbọ́dọ̀ ti rí i sílẹ̀ kí ó tó lu ihò àkọ́kọ́ sára gíláàsì, kí ó sì tó ra ẹja kankan.