Bí a ṣe ń tún autofocus kámẹ́rà ṣe fún objectif gígùn àti multiplicateur

Ẹni tó bá ń ya fọ́tò eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, tàbí tó ń ya ẹyẹ létí odò, mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo nǹkan lèèyàn lè sún mọ́. Ìdí nìyẹn táwọn ayàwòrán fi ń lo objectif gígùn tó ń fa ohun tó jìnnà wá sí tòsí. Àwọn míì tún máa ń fi multiplicateur sáàárín kámẹ́rà àti objectif kí nǹkan náà lè tóbi sí i. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá délé, tí wọ́n wo fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà, ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á rí bàìbàì, aṣọ onílù tó wà lẹ́yìn á sì mọ́ kedere. Àwọn kan á ní objectif ti bàjẹ́ nìyẹn, wọ́n á tà á ní ọ̀pọ̀. Bẹ́ẹ̀, ó lè má bàjẹ́ rárá. Ó lè jẹ́ pé òun àti kámẹ́rà ni kò bára mu, ìyẹn sì ṣeé tún ṣe nílé láì náwó.

Kí ló ń fà á?

Kámẹ́rà reflex ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Dígí kan wà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú objectif wọlé máa ń pín sí méjì: apá kan lọ sókè síbi tí a ń fi ojú wò, apá kejì lọ sísàlẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀yà tó ń darí autofocus. Ṣùgbọ́n orí capteur tó wà lẹ́yìn dígí ni fọ́tò fúnra rẹ̀ ti ń jáde. Ọ̀nà tó lọ sísàlẹ̀ àti ọ̀nà tó lọ sórí capteur gbọ́dọ̀ gùn bákan náà. Tí ọ̀kan bá fi díẹ̀ ju èkejì lọ, autofocus á ní "ó ti tó", àmọ́ lórí capteur, kò tíì tó, tàbí ó ti kọjá.

Kámẹ́rà hybride kò ní dígí. Orí capteur náà ni autofocus rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà àṣìṣe yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu.

Kí ni multiplicateur ń yí padà?

Ẹ jẹ́ ká mú objectif 300 mm f/4 ṣe àpẹẹrẹ. Tí a bá fi multiplicateur 1,4× sí i, ó di 420 mm f/5,6, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló sì kù. Tó bá jẹ́ 2×, ó di 600 mm f/8, ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló kù. Autofocus ọ̀pọ̀ reflex kì í ṣiṣẹ́ dáadáa kọjá f/5,6. Àwọn kan gba f/8, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ojú àmì àárín nìkan. Ẹ wo ìwé kámẹ́rà yín kẹ́ ẹ tó ra 2×.

Nǹkan kejì ni ibi tó ń mọ́ kedere nínú fọ́tò. Lórí kámẹ́rà tí capteur rẹ̀ jẹ́ plein format, tí nǹkan bá wà ní mítà 10, objectif 300 mm f/4 máa ń fún wa ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 27 tó mọ́ kedere. Pẹ̀lú 2×, ó di nǹkan bíi 13. Àṣìṣe kékeré tí ojú kò rí tẹ́lẹ̀ á wá hàn gbangba.

Nítorí náà, nọ́ńbà tó dára fún objectif nìkan lè má dára mọ́ tí multiplicateur bá ti wọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ wọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ṣé kámẹ́rà yín ní ètò náà?

Canon EOS-1D Mark III, Nikon D3 àti Nikon D300, tí gbogbo wọn jáde ní 2007, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní in. Nínú menu Canon, ẹ wá "micro-ajustement"; ti Nikon, ẹ wá "réglage précis". Nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti -20 dé +20. Ọ̀pọ̀ reflex olówó pọ́ọ́kú kò ní in. Ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe ló lè bá yín tún irú wọn ṣe.

Bí a ṣe ń ṣe é

1. Ẹ gbé kámẹ́rà lé trépied lórí ilẹ̀ tó le. Àárọ̀ ló dára, torí ooru ọ̀sán máa ń mú kí afẹ́fẹ́ máa mì lójú objectif gígùn. Ẹ pa stabilisateur.

2. Ẹ lẹ ojú ìwé ìròyìn kan mọ́ pátákó, kó dojú kọ kámẹ́rà gbọọrọ. Ẹ fi rúlà kan dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí orí rẹ̀ kan wá síwájú, kí èkejì lọ sẹ́yìn.

3. Ẹ jìnnà tó ìlọ́po 50 gígùn objectif: mítà 15 fún 300 mm, 21 fún 420 mm, 30 fún 600 mm. Tí àyè kò bá sí, ẹ lo ibi tẹ́ ẹ sábà máa ń dúró sí tẹ́ ẹ bá ń ya fọ́tò.

4. Ẹ ṣí ihò objectif dé ibi tó fẹ̀ jù. Ẹ lo ojú àmì àárín nìkan. Ẹ fi nọ́ńbà sí 0, kẹ́ ẹ sì lo retardateur kí ọwọ́ má bàa mì ín.

5. Ẹ kọ́kọ́ yà á ní Live View. Capteur fúnra rẹ̀ ló ń wò níbẹ̀, nítorí náà fọ́tò yìí ni ẹlẹ́rìí wa.

6. Ẹ wá padà sí viseur, kẹ́ ẹ ya mẹ́fà. Kẹ́ ẹ tó ya ìkọ̀ọ̀kan, ẹ yí objectif kó kọ́kọ́ rí bàìbàì, nígbà míì síwájú, nígbà míì sẹ́yìn. Ẹ má fi fọ́tò kan ṣoṣo ṣèdájọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

7. Ẹ wò wọ́n lórí kọ̀ǹpútà ní 100 %. Tó bá jẹ́ iwájú ìwé ìròyìn, lápá ọ̀dọ̀ yín, ló mọ́ kedere, ẹ fi kún un: +5. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni, ẹ yọ kúrò: -5. Ẹ tún yà á títí á fi bá ti Live View mu.

8. Ẹ fi multiplicateur sí i, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kíyè sí

Ẹ wo gígùn tí kámẹ́rà kọ sára fọ́tò. Tẹ́ ẹ bá fi 1,4× sí 300 mm, tó sì ṣì ń kọ 300, kámẹ́rà kò mọ̀ pé multiplicateur wà níbẹ̀. Nọ́ńbà objectif nìkan ni á máa lò. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ yí i padà.

Tó bá jẹ́ zoom, nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti ìparí. Ẹ wọn ibi tó gùn jù, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń hàn jù.

Tí fọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá yàtọ̀ síra, tí ọ̀kan bọ́ síwájú, tí èkejì bọ́ sẹ́yìn, kò sí nọ́ńbà tó lè wò ó sàn. Ìmọ́lẹ̀ lè má tó, trépied lè máa mì, tàbí kí ẹ̀rọ ní àléébù. Tí 20 kò bá sì tó, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe.

Inú kámẹ́rà ni nọ́ńbà yìí ń gbé, kì í bá objectif lọ. Tẹ́ ẹ bá gbé objectif yín sórí kámẹ́rà ẹlòmíì, ẹ ní láti tún un wọ̀n. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ra objectif àlòkù, ẹ gbé kámẹ́rà àti multiplicateur yín dání, kẹ́ ẹ dán wọn wò pọ̀ kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín.