Ta ni Júù Lédè Yorùbá?

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Ẹgbẹ́dá, ní Alímọ̀ṣọ́ l'Ékòó, tí ẹ sọ fún kọ̀ńdọ́ pé Sínágọ́gù ni ẹ ń lọ, kò ní bi yín ní ohunkóhun ju owó ọkọ̀ lọ. Ìkòtún ni yóò já yín sí, lọ́dọ̀ ìjọ tí olóògbé T.B. Joshua dá sílẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Synagogue, Church of All Nations. Ìjọ Kristẹni ni. Ẹni tó bá ń wá rábì tó ń ka Òfin Mósè lédè Hébérù níbẹ̀ yóò wá a tì. N kò bá wọn jà lórí orúkọ náà o. Èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìpéjọ ló túmọ̀ sí. Àwọn Júù fúnra wọn, ilé àpéjọ ni wọ́n ń pe tiwọn lédè Hébérù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn àwọn Júù fún ará Alímọ̀ṣọ́ yóò bá onílé nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó fẹ́ lò. Èmi a máa kọ́kọ́ kọ "ilé ìjọsìn àwọn Júù" kí n tó máa pè é ní sínágọ́gù.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìran yìí ṣe rí lẹ́nu wa. Àwọn díẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa lóòótọ́: Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ará Ísírẹ́lì, ló ya àwòrán ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìwé mímọ́ ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ wọ́n. Nígbà tí Àjàyí Crowther gbé Ìwé Róòmù jáde lédè Yorùbá ní 1850, ọ̀rọ̀ Júù àti ẹni tí kì í ṣe Júù ló kún inú rẹ̀, nítorí náà ó di dandan kí ó wá orúkọ fún méjèèjì. "Ju" ló wà nínú odindi Bíbélì tó jáde ní 1884. Àwọn Mùsùlùmí ní tiwọn gba Yẹ̀húdì lọ́wọ́ èdè Lárúbáwá. Ọmọ Ìgándò tó gbọ́ ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó gbọ́ èkejì ní mọ́ṣáláṣí, lè rò pé èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ orísun kan náà ni méjèèjì: Júdà, ọmọ Jékọ́bù.

Nǹkan bí ọdún 722 ṣáájú Kristi ni Ásíríà ṣẹ́gun ìjọba àríwá tó ń jẹ́ Ísírẹ́lì, tí ìjọba gúúsù, tó ń jẹ́ orúkọ Júdà yìí, fi dá kù. Bábílónì wó tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù ní 586 ṣáájú Kristi, ó kó àwọn ará Júdà nígbèkùn. Láti ìgbà náà ni orúkọ ará Júdà ti ń di orúkọ gbogbo ìran náà, títí kan ọmọ ẹ̀yà mìíràn tó bá wọn dé ìgbèkùn. Ìdí nìyí tí n kì í fi í pe Ábúráhámù ní Júù. Hébérù ni ìwé Jẹ́nẹ́sísì pè é. Lóde òní ẹ̀wẹ̀, èdè ni à ń pè ní Hébérù ju èèyàn lọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo kà sí èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn ni Kèfèrí. Òun ni Bíbélì Yorùbá fi pe gbogbo ẹni tí kì í ṣe Júù. Ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí ni, gẹ́gẹ́ bí àlùfáà àti wòlíì, aláìgbàgbọ́ ló sì túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, goy, orílẹ̀-èdè lásán ni. Ìwé Ẹ́kísódù tilẹ̀ lò ó fún Ísírẹ́lì fúnra rẹ̀. Nígbà tí orílẹ̀-èdè bá di àìgbàgbọ́, ìtàn ọ̀tọ̀ ni òǹkàwé yóò gbọ́. Kristẹni Ìkòtún tó ń pe aládùúgbò rẹ̀ tó ń bọ Ògún ní Kèfèrí kò rántí pé Kèfèrí ni òun náà nínú Ìwé Róòmù. "Ẹni tí kì í ṣe Júù" gùn díẹ̀, àmọ́ òun ni mo fara mọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi ti di Sọ́ńdè fún ọ̀pọ̀ wa. Ti àwọn Júù a máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, a sì parí lálẹ́ Àbámẹ́ta, nítorí náà Sábáàtì ni kí a máa kọ. Ìkọlà náà ń da ni láàmú, torí olóòlà tó ń kọ ojú náà ló ń dákọ́. Ẹlòmíràn lè gbọ́ ìkọlà kó máa ro àbàjà tàbí pélé. Ẹ jẹ́ ká lo ìdákọ́. Ọjọ́ kẹjọ ni àwọn Júù ń dákọ́ fún ọmọkùnrin, ìgbà náà ni wọ́n sì ń sọ ọ́ lórúkọ, èyí tí kò ní ya ará Ẹgbẹ́dá tó ń ṣe ìkómọ lọ́jọ́ kẹjọ lẹ́nu. Ní ti oúnjẹ, a kò ní láti wá ọ̀rọ̀ lọ jìnnà: ẹlẹ́dẹ̀, edé, àti pípo ẹran pọ̀ mọ́ wàrà, èèwọ̀ ni wọ́n. Kì í ṣe pé edé burú. Pé ará ilé yìí kì í jẹ ẹ́ ni.

Ibi tó le jù ni ìbéèrè pé kí ni Júù jẹ́ gan-an, ẹ̀yà ni àbí ẹ̀sìn? Yorùbá lè jẹ́ Mùsùlùmí, ó lè jẹ́ Kristẹni, ó lè máa bọ Ọ̀ṣun. Yorùbá náà ni. Júù tí kì í dé sínágọ́gù rárá, Júù lòun náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀sìn tí àlejò lè wọ̀ tí yóò sọ ọ́ di ọmọ Oòduà, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá wọ ẹ̀sìn Júù ní ìlànà òfin wọn ti wọ ìdílé náà, Ábúráhámù ti di bàbá rẹ̀. Bíbélì wa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní aláwọ̀ṣe, ó sì ń dún létí mi bí ẹni tó gbé àwọ̀ ẹlòmíràn wọ̀. "Ẹni tí a gbà sínú ìdílé" sàn jù. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ni òfin àtijọ́ wọn ti ń ka ọmọ sí Júù, nítorí náà ẹni tó bá kọ "ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Júù" kò tíì sọ nǹkan kan. "Ìran Júù" ló gba gbogbo rẹ̀, torí ìran kò dárúkọ bàbá, kò dárúkọ ìyá, kò sì sọ àwọ̀. Ní 1991, ọkọ̀ òfuurufú kó Júù Etiópíà tó lé ní 14,000 lọ sí Ísírẹ́lì láàárín wákàtí 36. Adúláwọ̀ ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Òǹkọ̀wé Olaudah Equiano ti fi àṣà Igbo wé ti àwọn Júù nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1789, àwọn Igbo kan lónìí sì ń pa Sábáàtì mọ́, wọ́n ń kọ́ èdè Hébérù. "Igbo tó ń ṣe ẹ̀sìn Júù" jẹ́ ohun tí ojú rí. "Igbo tó jẹ́ ìran Júù" jẹ́ ohun tí wọ́n sọ, tí ìjọba Ísírẹ́lì kò tíì fọwọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó gba ìṣọ́ra. Láàárín 1941 sí 1945, ìjọba Násì ti Jámánì àti àwọn tó bá wọn lọ́wọ́ sí i pa Júù tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 6. Orúkọ tí àwọn òyìnbó fún un, Holocaust, wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Bíbélì wa ń pè ní ẹbọ sísun. Ẹ má túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni wọ́n rúbọ sí? Shoah ni ọ̀pọ̀ Júù ń pè é, àjálù nìyẹn. Àjálù sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàrá náà lè fa àjálù. Kò tọ́ka sí ọwọ́ tó ṣe é. Ìpaláparun ni mo ń kọ, kó lè hàn pé àwọn kan ló pa wọ́n, wọn kò sì fẹ́ kí ẹyọ kan ṣẹ́ kù.

Èyí tó kù kan àwọn oníròyìn. "Ọmọ Ísírẹ́lì" inú Bíbélì ni àtọmọdọ́mọ Jékọ́bù. "Ará Ísírẹ́lì" inú ìròyìn ni ọmọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Nínú márùn-ún wọn, nǹkan bí ẹnì kan ló jẹ́ Lárúbáwá, nígbà tó jẹ́ pé ó ju ìdajì Júù ayé lọ tí kò gbé ibẹ̀ rárá. Àwọn 11 tí wọ́n yìnbọn pa nínú sínágọ́gù ní Pittsburgh ní 2018, Amẹ́ríkà ni ilé wọn. Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, bí ọmọ ogun Ísírẹ́lì bá ju bọ́ǹbù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé ọmọ ogun Ísírẹ́lì ni. Ẹ má sọ pé àwọn Júù ni.