Orúkọ kan náà, ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ìtàn Bt tó ń pa kòkòrò oko

Ẹjọ́ kan wà tí a máa ń gbọ́ lóko: "A fín Bt, kò ṣiṣẹ́." Nígbà mìíràn, oògùn náà kì í ṣe ayédèrú. Ìran tí wọ́n rà ni kò bá kòkòrò oko wọn mu. Ẹ jẹ́ ká tọ́ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní 1901, ní Japan, Ishiwata Shigetane ń wá ohun tó ń pa kòkòrò tó ń ṣe sílíìkì lójijì. Kòkòrò àìfojúrí kan ló bá nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1911, Ernst Berliner rí irú rẹ̀ lára ìdin àfòpiná tó ń ba ìyẹ̀fun jẹ́ ní Thuringia, ní Jámánì. Orúkọ ìlú yẹn ló fi sọ ọ́ ní Bacillus thuringiensis, tí a gé kúrú sí Bt. Nígbà tó fi máa di 1938, wọ́n ti ń tà á ní Faransé bí oògùn oko. Ohun tó pa olówò sílíìkì lẹ́kún wá di ohun tó ń pa àgbẹ̀ lẹ́rìn-ín.

Ní àwọn ọdún 1950 ni wọ́n fi hàn pé inú horo wínníwínní kan tí Bt ń ṣe ni oró rẹ̀ wà. Ìdin gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Omi ìfun rẹ̀ á yọ́ horo náà, oró á lẹ̀ mọ́ ìfun, á dá a lu. Ìdin ò ní lè jẹun mọ́, á sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àmọ́ bíi kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo ni: oró ìran kọ̀ọ̀kan ní irú ìfun tó lè ṣí.

Ẹ wò ó:
- Kurstaki, tó gbajúmọ̀ láti 1970, ń pa ìdin àfòpiná àti ti labalábá tó ń jẹ ewé.
- Israelensis, tí wọ́n rí ní aṣálẹ̀ Negev ní Ísírẹ́lì ní 1976, ń pa tanwíjí. Òun náà ni wọ́n dà sínú odò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti pa ìdin eṣinṣin tó ń fa ìfọ́jú etí odò.
- Tenebrionis, tí wọ́n kéde ní Jámánì ní 1983, ń pa ìdin àwọn kòkòrò ẹlẹ́yìn líle kan, irú èyí tó ń jẹ ewé ọ̀dùnkún.

Ẹ̀wà tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2019, SAMPEA 20-T, ní oró Bt nínú ara rẹ̀. Ìdin Maruca tó ń lu pódi ẹ̀wà ló ń pa. Kò kan kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ewé, kò sì kan kòkòrò inú àpò ẹ̀wà. Ẹni tó bá rò pé ó gbà á lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀ á pàdánù owó.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ bi oníbàárà pé kòkòrò wo ló ń jẹ oko rẹ̀ kí ẹ tó tà. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ ka orúkọ ìran tó wà lẹ́yìn orúkọ Bt lára ìgò. Ẹ fín in nírọ̀lẹ́, torí oòrùn máa ń ba á jẹ́, nígbà tí ìdin ṣì kéré. Bí ẹ ò bá dá kòkòrò yín mọ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa ká jọ wò ó. Oko á mú èrè wá o.