Eyín Tó Tú Àṣírí Ọlọ́lá

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn òkú kan tí eyín rẹ̀ mú kí àwọn onímọ̀ yí ọ̀rọ̀ padà.

Lọ́dún 2008, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ibojì kan ní Valencina, lẹ́bàá Seville ní Sípéènì. Ó ti tó nǹkan bí ọdún 5,000 tí wọ́n ti sin ẹni náà. Odindi eyín erin láti Áfíríkà wà lókè orí rẹ̀; èèpo ẹyin ògòǹgò náà wà níbẹ̀. Ọlọ́lá gbáà ni. Egungun rẹ̀ ti bàjẹ́, àmọ́ wọ́n ní ó jọ ọ̀dọ́mọkùnrin. Bó ṣe di ọkùnrin oníṣòwò eyín erin nínú ìwé nìyẹn.

Lọ́dún 2023, eyín sọ̀rọ̀. Èèpo funfun tó bo eyín wa kì í ṣàdédé le. Kí eyín tó yọ láti inú erìgì, purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní amelogenin ló ń tọ́ àwọn èròjà líle sọ́nà, tí wọ́n fi ń tò ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Ó dà bí pákó tí káfíńtà ń kàn kí bíríkìlà tó da kọnkéré. Bí iṣẹ́ bá ń parí lọ, ara á gé purotéènì náà wẹ́wẹ́, á kó o kúrò, èròjà líle á sì gba àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ máa ń há sínú èèpo náà, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún.

Ara ọkùnrin ń ṣe oríṣi amelogenin méjì, ti kírómósómù X àti ti Y. Ti X nìkan ni obìnrin ní. Ti X nìkan ni wọ́n sì bá nínú eyín òkú Valencina. Obìnrin ni!

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá lè fẹ́ yangàn pé “ó” tiwa kì í ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Òótọ́ ni. Àmọ́ tí a bá ń túmọ̀ ìtàn àtẹnudẹ́nu sí Gẹ̀ẹ́sì, tí a kà pé “ó jagun, ó tẹ ìlú dó”, kí la máa ń kọ́kọ́ kọ? “He” ni. Àṣìṣe Valencina ò jìnnà sí wa rárá. Ẹni tí ìtàn wa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè má ní eyín tí yóò jẹ́rìí fún un mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa bèèrè ká tó kọ.