Ilẹ̀ Kì í Gbàgbé: Ìdí Tí Àgbẹ̀ Ìbàdàn Fi Ń Ṣiyèméjì Sí Ìlérí Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Ńlá

Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ tó tóbi jù lọ lágbàáyé ti ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n ń roko. Nestlé ṣèlérí pé nígbà tí ọdún 2030 bá fi máa pé, ìdajì àwọn ohun ọ̀gbìn pàtàkì tí òun ń rà yóò máa wá láti oko tí wọ́n ti ń dá agbára ilẹ̀ padà. Unilever náà gbé ìlànà tirẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2021. Ohun tí wọ́n ń wí kò ta kókó: kí àgbẹ̀ dín ìtúlẹ̀ kù, kí ó má fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò, kí ó máa gbin oríṣiríṣi nǹkan pọ̀, kí ó sì jẹ́ kí igi wà nínú oko.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ káàkiri àgbáyé ni kò tíì jẹ́ kí ó wọ àwọn létí tán. Wọ́n ń béèrè pé ta ni yóò san owó rẹ̀. Ní Ìbàdàn, ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí wọ́n ti ń bi àwọn tó bá mú ìmọ̀ràn wá láti òkèèrè.

Ẹni tó bá ń wo àwọn agboolé àtijọ́ ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Beyerunka lónìí lè rò pé ọjà àti ogun nìkan ni àwọn ará ibẹ̀ fi ṣe iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilé àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Baálé ní ilé nígboro, ó sì ní abúlé lóko. Ibẹ̀ ni ó ń gbé nígbà iṣẹ́, ìgboro ni ó ń bọ̀ fún ọdún, ìyàwó àti ìsìnkú. Oko etílé wà, oko ẹgàn náà wà. Bí ilẹ̀ bá ṣá, wọn a fi í sílẹ̀ kí igbó tún hù lórí rẹ̀. Orí ebè kan náà ni iṣu, àgbàdo àti ẹ̀fọ́ ti ń jáde. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pè ní ọgbọ́n tuntun lónìí kò ṣàjèjì sí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń fẹ́ òwú fún ilé ìhunṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association sílẹ̀ ní Manchester. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi dé Ìbàdàn pẹ̀lú irúgbìn òwú Amẹ́ríkà. Àwọn àgbẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ wò, wọ́n sì ṣírò èrè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé kòkó ń mówó wá ju òwú lọ, wọ́n gbájú mọ́ kòkó. Àwọn òyìnbó kan pè é ní ọ̀lẹ tàbí àìmọ̀kan, ṣùgbọ́n ìṣirò lásán ni.

Lẹ́yìn ọdún 1920, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Moor Plantation gbé ìmọ̀ràn mìíràn jáde. Wọ́n ní kí àgbẹ̀ gbin mùkúnà, ewéko kan tó jẹ́ ẹbí wèrèpè, kí ó sì ro ó mọ́lẹ̀ kó lè di ajílẹ̀. Òtítọ́ ni pé ewéko náà ń fún ilẹ̀ lágbára. Àmọ́ ta ni yóò ro ó mọ́lẹ̀? Ọkọ́ ni àgbẹ̀ ní lọ́wọ́, kò ní ẹ̀rọ. Ilẹ̀ tí mùkúnà bá sì gbà, kò ní sí oúnjẹ lórí rẹ̀ ní àsìkò náà. Igbó tó ń hù fúnra rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ kò gbà á.

Ní ọdún 1937, ọ̀rọ̀ kúrò lórí irúgbìn, ó di ti iye owó. United Africa Company, tó jẹ́ ti Unilever, àti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ra kòkó, Cadbury wà lára wọn, fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé àwọn kò ní bá ara wọn du kòkó mọ́. Ìtumọ̀ èyí ni pé iye kan náà ni gbogbo wọn yóò máa san. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tó di Ghana lónìí, kọ̀ láti ta kòkó wọn títí di oṣù kẹrin ọdún 1938. Ní Nàìjíríà, Nigerian Youth Movement ta ko àdéhùn náà. Ilé-iṣẹ́ tó gbé ìlànà ìtọ́jú ilẹ̀ jáde ní 2021 ni ó ni èyí tó fọwọ́ sí ìwé yẹn.

Èyí tó dun àgbẹ̀ jù wáyé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Àrùn kan tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú dé agbègbè Ìbàdàn, ìjọba sì rán àwọn ènìyàn láti máa gé àwọn igi tó kó o. Àrùn náà kì í ṣe irọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kò ní oògùn. Ṣùgbọ́n igi tó ṣì ń so ni àgbẹ̀ ń wò tí wọ́n ń gé lulẹ̀, kòkó tí a bá sì gbìn lónìí yóò tó bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó so. Kí ni yóò jẹ láàárín ìgbà náà? Inú ìbínú yìí ni Ẹgbẹ́ Máyégún ti rí agbára.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1968, owó kòkó ti kéré, ọ̀nà oko ti bàjẹ́, owó orí sì ń gun òkè. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn àgbẹ̀ wọ́ lọ sí Màpó, níbi tí àwọn aláṣẹ ìlú ń jókòó sí. Ẹ̀mí sì bọ́. Báyìí ni ogun Àgbẹ̀kọ̀yà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Lẹ́yìn tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bá àwọn aṣáájú wọn sọ̀rọ̀, Táfá Adéoyè ará Àkàǹràn lára wọn, ìjọba dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì.

Ní ọdún 1967 ni wọ́n dá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ṣe àwárí ọ̀nà kan: kí wọ́n gbin igi lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí wọ́n gbin àgbàdo sí àárín rẹ̀, kí ewé igi náà sì máa di ajílẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa ní oko àwọn onímọ̀. Ní oko àgbẹ̀, títọ́jú ẹ̀ka rẹ̀ gba iṣẹ́ púpọ̀. Ó tún ku ohun kan: ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò lómìnira láti gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbin igi dà bí ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀.

Bí a bá to àwọn ìtàn wọ̀nyí pọ̀, ohun kan hàn. Ìmọ̀ tí wọ́n mú wá kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Mùkúnà ń ṣe ilẹ̀ lóore, àrùn kòkó sì ń pa igi ní tòótọ́. Ètò tó so mọ́ ìmọ̀ náà ni kò tọ́. Ìgbà gbogbo ni wàhálà rẹ̀ ń bọ́ sọ́rùn àgbẹ̀, tí ẹlòmíràn sì ń sọ iye tí òun yóò gbà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí àgbẹ̀ Àkàǹràn tọ́jú ilẹ̀ fún òun lónìí gbọ́dọ̀ kọ ìdáhùn sínú ìwé àdéhùn. Èló ni kòkó tàbí àgbàdo tó wá láti irú oko bẹ́ẹ̀ yóò fi lé sí ti àtẹ̀yìnwá? Bí ìkórè bá dín kù ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ta ni yóò gbé àdánù náà? Ta ni yóò bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ayálégbé oko tó gbin igi? Bí ilé-iṣẹ́ bá lè dáhùn ìwọ̀nyí, kò ní ṣòro láti rí àgbẹ̀ tí yóò gbọ́. Bí kò bá sì lè dáhùn, kí ó má pe iyèméjì àgbẹ̀ ní àìmọ̀kan. Ìṣirò àtijọ́ náà ni wọ́n ṣì ń ṣe.