Nígbà tí Èkó Ń Wo Ogun Ábísíníà

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hùrù-hẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé ará ilé nìkan ni òwe yìí ń bá wí? Bí ogun bá ń jà ní ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ wa kò dé rí, tí a kò ní ọmọ ogun tí a lè rán, tí a kò sì ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ àwọn alágbára ayé, kí ni tiwa níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nípa ogun kan tí àwọn ará Èkó wò láti òkèèrè ní ọdún 1935.

Ogun Ábísíníà ni, ilẹ̀ tí a ń pè ní Etiópíà lónìí. Ẹ rántí pé nígbà náà, gbogbo Áfríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sábẹ́ àwọn òyìnbó tán. Etiópíà wà lára ìwọ̀nba ilẹ̀ tí aláwọ̀ dúdú ṣì ń ṣe ìjọba ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1896, Ọba Menelik Kejì àti Olorì Taytu ti ṣẹ́gun àwọn ará Ítálì ní Adwa. Ìtìjú náà kò kúrò lára Ítálì. Nígbà tí agbára bọ́ sí ọwọ́ Mussolini, ó pinnu láti gba ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún 1935, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ré odò Mareb kọjá láìkéde ogun.

Ìjà náà kò dọ́gba rárá. Ítálì ní ọkọ̀ òfurufú lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò ní ohun ìjà gidi ni Etiópíà ní. Láti oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí da gáàsì olóró sílẹ̀ láti òfurufú. Gáàsì yìí a máa jó awọ ara bí iná, a sì máa fọ́ ènìyàn lójú. Bẹ́ẹ̀ ni Ítálì fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí àdéhùn Geneva ti ọdún 1925 tí ó ka irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀.

Ẹ ó bi mí pé, kò ha sí ẹni tí yóò là wọ́n ni? Ó wà. Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè wà ní Geneva, Ítálì àti Etiópíà sì jọ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà dá Ítálì lẹ́bi. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1935, ó ní kí àwọn orílẹ̀-èdè dá àwọn òwò kan dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi epo pẹtiróòlù kún un, bẹ́ẹ̀ ni a kò ti ọ̀nà omi Suez mọ́ àwọn ọkọ̀ ogun Ítálì. Ẹni tí ó ní òun ń pa iná, tí ó tún ń ta igi fún ẹni tí ń dá a, ẹ̀yin náà mọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Ní ọdún 1935 kan náà ni iṣẹ́ rédíò bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Wáyà ni a fi ń fa ọ̀rọ̀ láti ibùdó wọ inú àpótí tí ó wà nílé àwọn tí ń san owó rẹ̀. Orúkọ tí àwọn ènìyàn wa wá ń pe rédíò ni asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń bá ni sọ̀rọ̀, kò sì í gba èsì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ogun náà rí. Ìròyìn ń wọlé, ọ̀nà àtifèsì kò sí. Àwọn ará Èkó kò ní ìjọba tiwọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ̀rọ̀ dípò wọn.

Síbẹ̀ wọ́n wá èsì. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó kò dákẹ́. Wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì dá owó jọ fún ìrànlọ́wọ́ Etiópíà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ WASU tí Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1925, gbé ọ̀rọ̀ náà rù bí ẹrù ara rẹ̀. Owó bẹ́ẹ̀ kò lè dá ọkọ̀ òfurufú dúró. Ṣùgbọ́n ó sọ fún ẹni tí a ń pọ́n lójú pé a rí i.

Ẹ sì wo àwọn mìíràn. Láti Swídìn, Nọ́wè, Fínlándì, Họ́lándì, Íjíbítì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn dókítà àti olùtọ́jú aláìsàn ti wá. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1935, ọkọ̀ òfurufú Ítálì ju bọ́ǹbù lu àgọ́ ìtọ́jú àwọn ará Swídìn ní Melka Dida. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kú, ọmọ Swídìn kan náà sì kú. Dókítà John Melly, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wà ní Addis Ababa nígbà tí ìlú dàrú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 1936. Ibi tí ó ti ń ran àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ti yìnbọn fún un, ó sì kú. Láti Amẹ́ríkà, John Robinson, aláwọ̀ dúdú, wá fi iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú rẹ̀ sin Etiópíà.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún ọdún 1936, Ítálì wọ Addis Ababa. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, Ọba Haile Selassie dìde ní Geneva, àwọn oníròyìn Ítálì ń pariwo lé e lórí, ó sì kìlọ̀ fún ayé pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òun lónìí lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn náà lọ́la. Wọn kò gbọ́. Ní oṣù Keje, wọ́n ká ìjìyà Ítálì kúrò. Ní oṣù Kejì ọdún 1937, lẹ́yìn tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí gómìnà Ítálì, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Addis Ababa.

Ní gbogbo àkókò òkùnkùn náà, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Sylvia Pankhurst, ń tẹ ìwé ìròyìn kan jáde nítorí Etiópíà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1936 ni ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣe é fún ogún ọdún. Wọ́n ń kà á dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Addis Ababa ni wọ́n sin ín sí ní ọdún 1960.

Ní ọdún 1941, àwọn tí ń wò láti òkèèrè dé ojú ogun. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wọ Mogadishu ní oṣù Kejì, wọ́n gba Jijiga ní oṣù Kẹta, wọ́n sì wọ Harar ní ọjọ́ 26 oṣù náà. Òtítọ́ ni pé abẹ́ àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti jà, ilẹ̀ tiwọn kò sì tíì gba òmìnira. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ wọn wà lára ẹsẹ̀ tí ó la ọ̀nà fún ọba láti padà sí ilé rẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún ọdún 1941, Haile Selassie wọ Addis Ababa, ọdún márùn-ún géérégé lẹ́yìn tí Ítálì wọ̀ ọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Ítálì ṣì wà nínú ìlú. Ọba ní kí àwọn ènìyàn òun má ṣe fi ibi san ibi. Ẹ tún rántí ọdún 1937, kí ẹ tó díwọ̀n ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, èmi kò ní sọ fún yín pé àánú àwọn tí ó jìnnà ni ó dá ogun náà dúró. Kò dá a dúró. Ṣùgbọ́n àwọn alágbára tí ó ní epo àti ọkọ̀ ni ó kọ̀ láti ṣe ohun tí ó yẹ. Ẹni tí kò ní nǹkan kan ni ó wá nǹkan ṣe. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ìròyìn ogun ibòmíràn, ẹ má ṣe yí orí rédíò sí ibi orin kíákíá. Ẹ wá ibẹ̀ nínú àwòrán ilẹ̀ ayé. Ẹ bèèrè ohun tí ó dá a sílẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, bí ẹnikẹ́ni bá ń gba ọrẹ fún àwọn tí ó fara gbọgbẹ́, ẹ wádìí rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi tiyín sí i. Bí ènìyàn bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tí a bá rí lójú ẹkún wa ni kí a na ọwọ́ sí.