Ẹ̀rí Alárenà: Láti Ọjà Àpòmù dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọjà Àpòmù ni ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ilẹ̀ Ifẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n ọba kan ṣoṣo kọ́ ló ń pàṣẹ fún gbogbo ẹni tó ń ná an. Ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá sí irú ọjà bẹ́ẹ̀ a wọ̀ sílé onílé kan. Onílé yìí a máa ṣe alárenà: a fi àlejò rẹ̀ mọ oníbàárà, a ṣe onídùúró lórí àwìn, a sì gba tirẹ̀ nínú owó ọjà. Owó ẹyọ ni wọ́n ń kà, 40 lórí okùn kan, 2,000 ní ẹgbàá, 20,000 ní ọ̀kẹ́. Ẹnu onílé nìkan ni ẹ̀rí pé òun ló mú oníbàárà wá.

Ẹ̀rí ẹnu tó fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ kì í tó nígbà tí ohun tí wọ́n ń tà bá jẹ́ èèyàn. Ajínigbé ń kó ará Ọ̀yọ́ wá tà ní Àpòmù; Aláàfin ránṣẹ́ sí Ọ̀ọ̀ni, Ọ̀ọ̀ni sì kìlọ̀ fún Baálẹ̀ Àpòmù pé kó dá a dúró. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, ròyìn pé Aólẹ̀, kó tó jọba, ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rú níbẹ̀. Àṣírí tú, Baálẹ̀ sì ní kí wọ́n nà án. Nígbà tí Aólẹ̀ di Aláàfin, ó fẹ́ ṣígun sí Àpòmù. Baálẹ̀ sá lọ sí Ifẹ̀, ó sì pa ara rẹ̀ kí ìlú rẹ̀ lè là. Ikú ẹni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ nìyẹn, ó sì dunni. Ní ọjà yìí kan náà ni ìjà lórí ataare ti ṣẹlẹ̀, èyí tó di ogun Òwu. Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé, dó ti Òwu fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì fọ́ ìlú náà láàárín ọdún 1820 sí 1830.

Ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì náà bá ìṣòro ẹ̀rí ẹni tó mú oníbàárà wá pàdé. Ní 1994, Lou Montulli ti ilé-iṣẹ́ Netscape ṣe cookie, àmì kékeré tí ìkànnì ń fi sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ẹni tó bá yà síbẹ̀. Ní 1996, Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í fún alárenà ní owó lórí ọjà tí oníbàárà tó mú wá bá rà. Nọ́ńbà alárenà wà nínú líǹkì tó pín. Bí oníbàárà bá tẹ̀ ẹ́, àmì á dúró fún àkókò kan, kí wọ́n lè mọ alárenà náà bó bá sanwó. Ṣùgbọ́n ìtajà kan kò lè ka àmì ìtajà mìíràn. Nítorí náà ni ilé-iṣẹ́ àárín, tó ń so alárenà pọ̀ mọ́ ìtajà, ṣe ń fi kóòdù tirẹ̀ sí ojú ìwé ìsanwó ìtajà kọ̀ọ̀kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí wọ́n tẹ líǹkì rẹ̀ kẹ́yìn ló ń kó gbogbo owó náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ jí ìfẹ́ ọjà náà.

Jumia, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012, gba ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú ètò aṣojú rẹ̀, JForce: aṣojú fúnra rẹ̀ ló ń bá oníbàárà ra ọjà, orúkọ rẹ̀ sì ti wà lórí ọjà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti àwọn tó gbára lé cookie, ní 2020, aṣàwákiri Safari dí àmì ilé-iṣẹ́ àárín pátápátá. Ọ̀pọ̀ ìtajà wá ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tiwọn ròyìn ọjà fún kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ àárín tààrà. Ọwọ́ olùtajà sì ni àkọsílẹ̀ náà wà.